Kànga Tó Jìn Ju Bí Wọ́n Ṣe Gbẹ́ Ẹ Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí Ọ̀gá Àgbà, torí tí a ò bá kí i, ìtàn yìí ò ní lè bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í gbà kí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ láìkí òun. Láàárọ̀, kó tó fẹnu kan tíì, á dúró síwájú dígí ilé ìwẹ̀, á tún kọ́là rẹ̀ ṣe, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Á sì dá ara rẹ̀ lóhùn: "Káàárọ̀ o. O lè jókòó." Ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á fa aṣọ bojú. Obìnrin náà ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú u.

Ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo àti gáàsì lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ọkùnrin yìí ṣe olórí rẹ̀. Bó ṣe dé ibẹ̀ ò yé ẹnikẹ́ni, kò sì yé òun náà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti débẹ̀, ó gbà pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe òun. Níṣojú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti kọjá tán, Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, bí àwọn àgbà ṣe máa ń pe rédíò, torí òun náà kì í dúró gbọ́ èsì ẹnì kankan.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé nǹkan ò ṣeé ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ní kí iṣẹ́ dúró, àfi òun nìkan. Ọjọ́ tí awakọ̀ rẹ̀ sọ fún un lójú títì pé táyà ti bẹ́, pé kí àwọn dúró, ló ṣe òfin náà. Wọn ò dúró. Irin wíìlì ni wọ́n fi rìn dé ọ́fíìsì, iná ń ta pàràpàrà nílẹ̀, ariwo ń lọ gììrì. Àwọn èèyàn sáré jáde nílé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà rò pé òun ni wọ́n wá kí. Ó ṣí fèrèsé, ó ń juwọ́ sí wọn.

Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dá a lóhùn: "Ó ń lọ dáadáa, Ọ̀gá." Òrùlé jò sórí akọ̀wé owó, ó ń lọ dáadáa. Iná jó àpótí ìwé, ó ń lọ dáadáa, Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín.

Ẹni tó ń darí gbogbo ìranù yìí ni Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ àsọyé Ọ̀gá. Ikọ́ ló fi ń ṣe àmì. Tó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n mi orí. Tó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Tó bá húkọ́ títí omi bọ́ lójú rẹ̀, kí wọ́n dìde dúró. Òṣìṣẹ́ tuntun kan sáré lọ bu omi fún un nígbà kan. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń ṣọ́ páìpù, ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Nígbà tó yá, wọ́n pè láti ọ́fíìsì Mínísítà. Alága Àjọ Epo ti fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ ṣófo, Mínísítà sì fẹ́ wá wo bí ilé-iṣẹ́ yìí ṣe máa wọn kànga tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Tí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ọ̀gá Àgbà ló máa bọ́ sórí àga Alága. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹni tó pè náà ò fi bò, Mínísítà ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ibẹ̀, á wá ẹlòmíì sí àga méjèèjì. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ apá àkọ́kọ́. Apá kejì kọjá létí rẹ̀ bí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kíá ló pe ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ sọ fún gbogbo àdúgbò. Alága lẹ bí."

"Ṣé wọ́n ti fi ọ́ síbẹ̀ ni?" ni màmá bi í.

"Kò sí ẹlòmíì tí wọ́n lè fi síbẹ̀, Màmá."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Ó ti pa fóònù. Ó ti wà níwájú dígí, ó ń wo bí ọrùn Alága ṣe máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kànga náà ṣe rí, torí inú rẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ. Abẹ́ ìlú ni epo tí wọ́n ń wá wà, lábẹ́ ilé ìwòsàn àti ilé onílé. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí wọ́n wá lu ihò síwájú ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Torí náà, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Kànga náà kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ní òòró bí ti gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀, ó tún tẹ̀ sí i, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ìlú. Gígùn rẹ̀ látòkè dé ìdí jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà. Ohun tó kù ni kí wọ́n sọ ẹ̀rọ ìwọ̀n kalẹ̀ sínú rẹ̀, irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa fi ara kan òkúta láti òkè dé ìdí, kó sì sọ ibi tí epo wà, ibi tí gáàsì wà, àti ibi tó jẹ́ omi lásán. Láìsí ìyẹn, afọ́jú ni wọ́n.

Nínú kànga tó dúró ṣánṣán, kò sí wàhálà níbẹ̀. Wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ wáyà, wínṣì, ẹ̀rọ tó ń ká wáyà, á máa tú u sílẹ̀, ẹ̀rọ á máa fi ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Kànga tó dùbúlẹ̀ kì í gba irú ìyẹn.

Ẹnjiníà tó ń bójú tó kànga náà ló lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá Àgbà. Obìnrin ni, ó kàwé dáadáa, ó sì mọ̀ pé òun kàwé dáadáa. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè bí ẹni pé ẹ̀rọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kódà tó bá ń kí èèyàn.

"Ọ̀gá, wáyà nìkan ò lè gbé e débẹ̀ o!"

Akọ̀wé hú ikọ́ kúkúrú kan, irú èyí tí kò sí nínú òfin. Ẹnjiníà ò tiẹ̀ wò ó. Ó mú ìwé ńlá kan lórí tábìlì, Àkójọpọ̀ Ọ̀rọ̀ Àsọyé Ọ̀gá Àgbà, apá kẹrin, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí, ó sì gbé ẹ̀gbẹ́ ìwé náà sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Kọ́kọ́rọ́ yọ̀ fìrì, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ Ọ̀gá.

"Bí kànga tó dúró ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ wá wò ó báyìí." Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó tún gbé e lé ìwé, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló gbé ẹ̀gbẹ́ ìwé náà sókè. Kọ́kọ́rọ́ ò mira. "Ẹ̀rọ wa máa fara ti ògiri bẹ́ẹ̀ ni. Á jókòó síbẹ̀, á máa wò wá níran."

"Ẹ fi nǹkan tó wúwo sí i," ni Ọ̀gá wí.

"Ńṣe ló máa túbọ̀ tẹ̀ mọ́ ògiri! Páìpù la máa fi tì í. Ká so ẹ̀rọ mọ́ ẹnu páìpù, ká máa so páìpù mọ́ páìpù, ká máa tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gbà tó ọjọ́ méjì."

"Ọjọ́ méjì!" Ọ̀gá Àgbà dìde. "Mínísítà ń bọ̀ fún ọ̀sán ọjọ́ kan, o ní kó wá jókòó wo páìpù fún ọjọ́ méjì? Kó sì bá mi níbi tí mo ti ń ti nǹkan? Ṣé mọ́tò tó kú sójú títì ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa tì í, Ọ̀gá."

"Orúkọ mi ló máa tì í! Jẹ́ kí n bi ọ́. Ta ló ni kànga yẹn?"

"Ilé-iṣẹ́ ni."

"Ta ló ni ilé-iṣẹ́?"

"Ìjọba," ni Ẹnjiníà wí.

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá," ni Akọ̀wé wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"O gbọ́? Ohun tó bá wà lábẹ́ mi kì í kọ̀ fún mi."

"Ọ̀gá, ihò ò mọ ọ̀gá!"

Ọ̀gá Àgbà bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Àbá tó dára ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀ gidigidi. "Láti òní lọ," ó ní, "ìwọ ni Olùdarí Àga. Gbogbo àga tí àwọn àlejò wa máa jókòó lé, ọwọ́ rẹ ló wà. Èmi fúnra mi ni ẹnjiníà kànga."

Akọ̀wé húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ láti pàtẹ́wọ́, ó sì pa á kíkankíkan.

Ẹ máa bá mi bọ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́ tó. Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ pé kó rọ ìwúwo kan tí wọ́n máa so mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìwọ̀n, kí ilẹ̀ lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Alágbẹ̀dẹ rọ irin róbótó kan, ó fín oyè Ọ̀gá yí i ká, ó sì ya ojú Ọ̀gá sí i lórí, tòun ti dígí. Imú orí irin náà gún ju ti orí ọrùn lọ, torí Akọ̀wé ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ. Wọ́n dán an títí èèyàn lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Àṣẹ Ọ̀gá, wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n sì ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa kí i tí wọ́n bá ń kọjá. Àwọn ọkùnrin gbọdọ̀ tẹríba, àwọn obìnrin gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Obìnrin tó ń nulẹ̀ bi irin náà pé ṣé ó sùn dáadáa. Ó wẹ̀yìn wò kó tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Àgbà alára máa ń kọjá níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí kò bá sẹ́ni níbẹ̀, á dúró, á wo irin náà dáadáa, àyà rẹ̀ á sì gbòòrò sí i. Ó gbà lóòótọ́ pé irin náà máa sọ̀kalẹ̀. Ohun tó ń múnú bí mi jù nípa irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nìyẹn: kì í parọ́ fún wa, ara rẹ̀ ló ń parọ́ fún, àwa la wá ń jìyà rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánópì síwájú kànga. Àga wà ní ìlà gbọọrọ, kò sí èyí tó fi ìka kan yọ síwájú ìkejì, torí Ẹnjiníà kì í fi iṣẹ́ ṣeré, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ àbùkù. Wínṣì wà lápá kan pẹ̀lú yàrá kékeré rẹ̀, Oníwínṣì wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó bímọ mẹ́rin tí kò fẹ́ wàhálà. Níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ méjì ló wà. Ọ̀kan ń ka iye mítà wáyà tó ti jáde nínú wínṣì, nọ́ńbà pupa. Ìkejì rí bí aago, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ bí ẹrù ẹnu wáyà ṣe wúwo tó. Tí abẹ́rẹ́ bá ti lulẹ̀, a jẹ́ pé ẹrù ò fa wáyà mọ́, ẹrù ti jókòó síbì kan.

Kí Mínísítà tó dé, Ọ̀gá Àgbà wọnú yàrá náà lọ wò ó. Nọ́ńbà pupa wù ú, torí pé iwájú nìkan ló ń lọ. Ó ní kí wọ́n gbé e sójú tẹlifíṣàn ńlá kan kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó wá kọjú sí aago.

"Kí lèyí ń gbọ̀n fún?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Ọ̀gá, ó ń—"

"Kò bọ̀wọ̀ fún èèyàn." Ó yọ aṣọ ìnujú rẹ̀ lápò, ó fi bo aago náà.

Mínísítà dé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àpò kóòtù rẹ̀ kún fún bísíkíìtì. Ó jókòó, ó já bísíkíìtì, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa gùn.

Ọ̀rọ̀ gùn. "Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì," báyìí ni Ọ̀gá Àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí máìkì, "ẹ̀yin èèyàn tó kù díẹ̀ kí ẹ ṣe pàtàkì, àti ẹ̀yin yòókù! Kí ni ìjìnlẹ̀? Èmi ni mo bi yín. Ìjìnlẹ̀ ni ohun tó jìn. Kí wá ni ohun tó jìn? Ohun tí kò sí nítòsí ni! Ṣáájú kí n tó dé, ilẹ̀ yìí wà lásán. Kò mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Ilẹ̀, mo kí ọ! Kò pọn dandan kó o dìde!"

Akọ̀wé húkọ́ títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde. Mínísítà náà fẹ́ dìde, ó rò pé ó ti parí.

Kò tíì parí o. Ẹ jẹ́ ká fò ó, ara mi ò gbà á.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n wá, Àṣẹ Ọ̀gá wà nídìí rẹ̀, ó ń dán yinrin. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu kànga, orí irin náà kọjá lójú Ọ̀gá, ó wọlẹ̀, Ọ̀gá sì juwọ́ sí i. Wínṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nọ́ńbà pupa ń sáré lójú tẹlifíṣàn. Ó pé ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pé ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wáyà tó le gbandi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó lókè kànga bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Oníwínṣì fi ìka gbé etí aṣọ ìnujú sókè. Abẹ́rẹ́ ti sùn. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ọ̀gá! Wáyà ti dẹ̀ o!"

"Ṣé ó ń lọ?" ni Ọ̀gá bi í lórí máìkì, kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Wáyà ń lọ, Ọ̀gá, àmọ́—"

"Mo ní ṣé ó ń lọ?"

Oníwínṣì wo Akọ̀wé. Akọ̀wé ya ojú sí i. Ọkùnrin náà rántí ọmọ mẹ́rin. "Ó ń lọ dáadáa, Ọ̀gá."

"Ó ti jókòó o!" Ẹnjiníà kígbe láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn àga rẹ̀. "Ẹ̀rọ ti jókòó!"

"Olùdarí Àga," ni Ọ̀gá wí pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, "ẹ bá wa jẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó, kì í ṣe ẹ̀rọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín kí Akọ̀wé tó húkọ́ pàápàá. Mínísítà yíjú padà, ó wo obìnrin náà dáadáa, ó tún mú bísíkíìtì mìíràn.

Nọ́ńbà ń gòkè. Ọkàn Ọ̀gá Àgbà ń bá a gòkè. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga Alága, àga onítìmùtìmù tó ń yí bírí, ó ti ń ronú ẹni tó máa kọ́kọ́ lé. Ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta géérégé, ariwo sọ. Wọ́n fun fèrè mọ́tò. Ọ̀gá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àkókò yẹn gan-an ló yẹ kó ní kí wínṣì dúró, òun nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún sọ pé kí nǹkan dúró?

Wínṣì ń yí. Nọ́ńbà kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àtẹ́wọ́ rọlẹ̀ díẹ̀. Akọ̀wé wo tẹlifíṣàn, ó wo Ọ̀gá, òógùn bò ó. Òfin ò gbà kó ní kí wọ́n dúró. Ó lọ sẹ́bàá etí Ọ̀gá. "Ọ̀gá, a ti kọjá ìdí kànga."

Ẹlòmíì ì bá gbọ́ ọ bí ìkìlọ̀. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ ọ bí oríyìn.

"Ẹ gbọ́ o!" ó kígbe. "A ti kọjá ìdí! Àwọn tó ṣáájú mi, ìdí ni wọ́n ń dé, wọ́n á sì padà! Èmi kọjá ìdí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbà mí, wọ́n pàtẹ́wọ́! Àwọn èèyàn tó lọ sílé ìwé, tí wọ́n ń ka ìwé ìṣirò pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn nílé, dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ tó kọjá ìdí ihò.

Mínísítà gbọn èérún bísíkíìtì kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ dákun. Ẹ ní kànga yín gùn tó mítà mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Mínísítà ọlọ́lá jùlọ!"

"Ibo wá ni ẹ̀rọ yín wà báyìí?"

Ọ̀gá wo tẹlifíṣàn. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba, sà! Ó sì ń lọ dáadáa!"

"Ta ló gbẹ́ igba mítà tó kù?"

Kò sẹ́ni tó húkọ́.

Ọ̀gá Àgbà ya ẹnu, ó pa á dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Nígbà tó máa rí i, ìbá sàn kó má rí i. "Sà, ìwúwo yẹn, Àṣẹ Ọ̀gá... agbára tó wà lára rẹ̀... mo gbà pé òun ló ń gbẹ́ ẹ lọ, sà."

"Imú rẹ̀ ló fi ń gbẹ́ ẹ ni?"

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ikọ́ pè.

"Ẹ ní kó dúró," ni Mínísítà wí.

"Dú..." Ọ̀rọ̀ náà ò tíì jáde tán tí wínṣì fi dúró gbagidi. Oníwínṣì ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Wọ́n ní kó fà á padà. Wáyà kọ́kọ́ ń wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí nǹkan tí kò mú ohunkóhun dání. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní kíká, ó ta kókó, ó dì mọ́ra bí irun tí wọn ò yà fún oṣù kan. Lójijì, ó há. Wínṣì kérora. Nǹkan kan dún kéékèèké nísàlẹ̀, wáyà tú sílẹ̀, ó sì ń bọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi yọ, lásán, ó já ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ ìwọ̀n wà nísàlẹ̀. Orí Ọ̀gá wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ta ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi?" ni Mínísítà béèrè. "Ẹni tí kò ní lo máìkì."

Ẹnjiníà ti dé iwájú. "Sà, iye wáyà tó jáde nínú wínṣì ni nọ́ńbà yẹn ń kà! Kò mọ ibi tí ẹ̀rọ wà! Ẹ̀rọ ti jókòó níbi tí kànga ti tẹ̀, kò tíì kọjá ẹgbẹ̀rún méjì púpọ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún lẹ́yìn ìyẹn, wáyà lásán ló ń kó jọ lé e lórí."

"Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá àga."

Mínísítà wo àga tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Àga náà dáa," ó ní. Ó wá kọjú sí Ọ̀gá Àgbà. "Kí ló dé tó ò ní kí wọ́n dúró?"

Ẹ ṣe àkíyèsí pé "ẹ" ti di "o". Ọ̀gá Àgbà ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó dùn ún ju wáyà tó já lọ. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà."

Mínísítà bi Oníwínṣì: "Kí ló dé tó ò sọ fún un?"

"Òfin ni, sà. A ò gbọdọ̀ ní kí iṣẹ́ dúró."

"Òfin ta ni?"

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Àgbà. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ na ìka sí i, ìka náà ò sì gbọ̀n.

Mínísítà dìde, ó kó bísíkíìtì rẹ̀ sápò. "Àga Alága ṣófo nígbà tí mo ń bọ̀," ó ní, "ó ṣì ṣófo. Tìrẹ náà ti ṣófo báyìí. Ẹnjiníà, bẹ̀rẹ̀ láti òní, ìwọ ni kó o máa darí ibí. Ṣé wàá lè yọ nǹkan yẹn?"

"Mo máa so ìwọ̀ mọ́ ẹnu páìpù, màá fi kọ́ ọ fà jáde. Ó máa pẹ́, ó sì máa nira, torí wọ́n fi irin tí kò wúlò kún un. Àwọn ará ìlú máa dúró de epo wọn pẹ́ sí i ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ mọ̀ o, sà."

Kó tó sọ ọ́ tán, Akọ̀wé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé àyà sókè, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́.

"Tí ikọ́ bá ń dà ọ́ láàmú," ni Ẹnjiníà wí fún un, "ilé ìwòsàn wà lókè ibi tí kànga yẹn ń lọ. Máa lọ."

Kò sẹ́ni tó sin Ọ̀gá Àgbà dé ibi mọ́tò. Ó rìn kọjá láàárín àwọn àga. Ojú ń tì í, ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un torí pé ó mọ́ ọn lára. Wọn ò tíì dé títì ńlá tí fóònù fi dún. Màmá ni.

"Ọmọ mi, àwọn aládùúgbò kún pálọ̀ mi o. Wọ́n ní báwo ni?"

Ó di fóònù mú ṣinṣin. "Màmá, wọ́n ti lé mi."

Ohùn àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń béèrè pé kí ló wí. "Ó ní òun ń bọ̀ wá jẹun," ni màmá dá wọn lóhùn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Máa bọ̀ nílé. Ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà wọlé. Màá ní kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n sọ fún mi kí n gbọ́, ní ẹnu kan báyìí, kí lo ṣe?"

Omi dé ojú ọkùnrin náà. Ìyá tó bí i ló ń bi í, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ni obìnrin náà sì ń fẹ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ẹ̀yin ìyá mi ọ̀wọ́n," ó ní, "ní irú àkókò mánigbàgbé bí èyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ni àṣìṣe? Èmi ni mo bi yín. Àwọn kan á ní àṣìṣe ni ohun tí èèyàn ṣì ṣe..."

Màmá pa fóònù.

Kò mọ̀. Ó ń bá a lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan ń lọ sókè sódò nínú mọ́tò. Awakọ̀ rí i nínú dígí pé ojú fóònù ti ṣú. Ó yí fèrèsé sókè kí àwọn tó wà lójú títì má baà gbọ́, ó sì ń wakọ̀ lọ.